Ìlù Tí Kò Pe Ẹnikẹ́ni

Ẹ wá àwo Tago Mago tí ẹgbẹ́ olórin Can gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 1971, kí ẹ fi orin tí wọ́n pè ní "Halleluhwah" sí i. Orin náà ju ìṣẹ́jú 18 lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó tán, Jaki Liebezeit tó ń lùlù kò kúrò lójú kan. Gìtá á wọlé, á jáde. Dùrù á ké tòò bí ohun tí iná gbé. Ọmọ Japan kan tó ń jẹ́ Damo Suzuki á máa kùn, á máa jágbe, nígbà míì lédè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà míì lédè tí wọn kò sọ ní ìlú kankan. Gbogbo wọn ń bá wàhálà wọn lọ, onílù kò yíjú wo ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo ní kó gbọ́ ọ fetí sí i títí, ó wá bi mí pé, "Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?" Mo ní ibi tó bá a yẹn náà ló wà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ irú orin yìí, àwọn ará ilé mi ti gba kámú. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: mo rò pé etí ọmọ Yorùbá ti mọ ọ̀nà ilé orin yìí kó tó débẹ̀, àmọ́ tó bá wọlé tán, á rí i pé ẹni tó yẹ kó kí òun káàbọ̀ kò sí nílé.

Àwọn oníwèé ìròyìn orin ní Ìlú Ọba ló sọ ọ́ ní krautrock, orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí èébú wà nínú rẹ̀, nítorí "kraut" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń bú ará Jámánì. Ẹgbẹ́ Faust kó èébú náà padà fún wọn: wọ́n fi ṣe àkọlé orin àkọ́kọ́ nínú àwo Faust IV ní 1973, ariwo gìtá tó ń hó yaya fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 11. Àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ yẹn kó pọ̀ kò jọra rárá. Can wà ní Cologne, Neu! ní Düsseldorf, Amon Düül II ní Munich, Tangerine Dream ní ìwọ̀-oòrùn Berlin, Faust ní abúlé Wümme láàárín Hamburg àti Bremen. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ọjọ́ orí wọn àti ohun tí àwọn bàbá wọn ṣe.

Irmin Schmidt tó ń tẹ dùrù fún Can, Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1937. Holger Czukay tó ń ta gìtá béèsì, Danzig ni wọ́n bí i sí ní 1938, ìlú tó bọ́ sọ́wọ́ Poland lẹ́yìn ogun, tí ìdílé rẹ̀ sì di ìsáǹsá. Àárín àwókù ilé ni wọ́n ti gbọ́njú. Nígbà tí wọ́n fi máa lóye ohun tó ń lọ, tíṣà tó ń kọ́ wọn, adájọ́ tó ń dájọ́, bàbá tó jókòó sídìí oúnjẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló ti sin Hitler rí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ la ẹnu sọ ọ́. Rédíò ń kọ orin tí wọ́n ń pè ní schlager, orin ìfẹ́ aládùn, orin òkè àti òdòdó, àfi bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí wọ́n bá yí rédíò kúrò níbẹ̀, ti àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà ní bárékè ni wọ́n máa bá: rọ́ọ̀kì àti blues. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà kò ṣe ju kí wọ́n máa sín àwọn Beatles jẹ lọ.

Ní oṣù Kẹfà 1967, ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Benno Ohnesorg, níbi ìwọ́de ní ìwọ̀-oòrùn Berlin, inú àwọn ọ̀dọ́ sì ru. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Can bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin ńlá kan ní Essen, níbi tí Amon Düül àti Tangerine Dream ti wà lórí ètò kan náà pẹ̀lú Frank Zappa tó wá láti Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn ló ń wá ohun tí wọn yóò kọ. Orin bàbá wọn ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Blues náà sì rèé, ìyà ẹlòmíràn ló bí i. Ẹni tí kò jẹ ìyà náà, tó wá ń sunkún rẹ̀, ẹkún èké ni.

Ibí yìí ni mo ti máa ń ronú kan ìlù tiwa. Ìyá ìlù dùndún kì í lu òfìfo. Ó ń pe ènìyàn. Ẹ dé òde ìnáwó, kí ẹ tó rí àga jókòó, onílù ti rí yín, ó ti ń ki yín: ọmọ ta ni, ọmọ ibo, kí ni bàbá bàbá yín ṣe lójú ogun. Ọwọ́ á ti bọ àpò kí ẹ tó mọ̀. Gìtá inú jùjú pàápàá, a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìlù tó ń yípo lójú kan fún wákàtí kan kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ti jókòó ti fújì mọ́jú rí kò ní bẹ̀rù ìṣẹ́jú 18. Àmọ́ nínú àyípo tiwa, ẹnì kan wà láàárín tí ìlù ń bá sọ̀rọ̀. Liebezeit kò pe ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó lè pè. Oríkì wo ni ọmọkùnrin Cologne fẹ́ kí ìlù fi ki bàbá rẹ̀ ní 1968? "Ọmọ ajagunṣẹ́gun" kẹ̀? Ó sàn kí ìlù yadi. Yíyadi yẹn ni mo ń gbọ́ nínú àwọn àwo wọ̀nyí, òun ló sì so mí mọ́ wọn ju ariwo gìtá lọ.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ orin o. Schmidt àti Czukay jọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Karlheinz Stockhausen, ọ̀gá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ iná ṣe orin ní Cologne. Schmidt ti ń darí ọ̀kẹ́sítírà. Ó lọ sí New York ní 1966, ó pàdé Terry Riley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń tún ìró orin kékeré kan ṣe títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tó padà dé, ọ̀kẹ́sítírà ti sú u. Liebezeit ní tirẹ̀ ń lu jazz aláìlétò pẹ̀lú Manfred Schoof, irú èyí tí ìlù kì í bá ara rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Ìtàn tó máa ń sọ ni pé ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pé wá bá òun, ó ní ojú kan ni kí òun ti máa lù. Ó gba ọ̀rọ̀ náà. Michael Karoli tó ń ta gìtá, akẹ́kọ̀ọ́ Czukay ni, ó sì fi bí ọdún 10 kéré sí àwọn yòókù.

Akọrin wọn àkọ́kọ́ ni Malcolm Mooney, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó tún jẹ́ oníṣẹ́ ọnà. Ohùn rẹ̀ ló wà nínú Monster Movie ti 1969, kó tó padà sílé nítorí àárẹ̀ ọkàn. Ní 1970, Czukay àti Liebezeit jókòó síwájú ilé kọfí kan ní Munich, wọ́n rí Damo Suzuki tó ń kọrin lójú pópó. Wọ́n ní kó wá bá àwọn kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ó sì lọ. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju bó ti yẹ lọ. Ẹgbẹ́ tó ń sá fún ohùn bàbá rẹ̀ gbé ẹnu rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́, àjèjì náà sì lo ẹnu yẹn bó ṣe wù ú, kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè dì mú.

Schloss Nörvenich, ààfin àtijọ́ kan nítòsí Cologne, ni wọ́n ti gba ohùn Tago Mago sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Weilerswist, sínú ilé sinimá tí wọn kò lò mọ́, wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì àwọn sójà bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má bàa ta jáde. Wọn kì í to orin kalẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n á kàn máa ṣeré, téèpù á máa yí, wákàtí lórí wákàtí. Czukay á wá jókòó ti téèpù náà, á gé ibi tó dùn, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn méjì péré lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ní. Ìdí nìyẹn tí "Halleluhwah" fi máa ń yí ojú padà lójijì, síbẹ̀ tí ẹsẹ̀ ìlù kì í yẹ̀. Ìlù tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Czukay lè fi abẹ kan téèpù níbi tó wù ú láìsí pé ojú àpá hàn. Bí onílù bá ń sáré, tó ń falẹ̀, tó ń dárà, kò sí ohun tó máa bá ara rẹ̀ mu.

Kò sì yẹ kí n parọ́ pé ohun kan náà gan-an ló ń lù. Bí ẹ bá fara balẹ̀ débi ìṣẹ́jú kẹfà tàbí ìkeje, etí yín á jáwọ́ nínú dídúró de ohun tó ń bọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀: ìlù kékeré kan tó fi kún un níbí, tó yọ lọ́hùn-ún, ìgbà tí ọ̀pá kàn etí ìlù dípò awọ, bí gìtá Karoli ṣe ń rọra fẹ́ wọ àárín ìlù tí kò sì rí àyè. Ìlù kò wá bá yín, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a. Ohun tí mo ń gbádùn níbẹ̀ nìyẹn, pàápàá bí mo bá ní iṣẹ́ tó gùn lọ́wọ́ tí n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kì mí ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.

Ojú méjì ìgbẹ̀yìn Tago Mago, èmi kì í gbọ́ wọn tán. "Aumgn" dára lóru, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. "Peking O" ni mo máa ń fò, kò sì sí ẹni tó lè fọgbọ́n yí mi padà lórí ìyẹn.

Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó lọ bá Ege Bamyasi ti 1972. Agolo ilá ló wà lójú àwo náà, ilá gan-an, irú èyí tí àwọn ará Turkey ń tà, orúkọ tó wà lára agolo ni wọ́n sì fi sọ àwo. Láti 1961 ni Jámánì ti bá Turkey ṣàdéhùn láti máa gba òṣìṣẹ́, bí oúnjẹ wọn ṣe di ohun tí ènìyàn ń rí lórí igbá ní Cologne nìyẹn. Ilá yẹ àwo yìí: ìlù rẹ̀ ń yọ̀, kò ṣeé gbá mú. Orin ibẹ̀ kúrú. "Vitamin C" kò tó ìṣẹ́jú 4, ó sì lè gbé àgbàlagbà dìde jó láìrò. "Spoon" tó kẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe orin eré ọ̀daràn kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ó gun ipò 6 lórí àtẹ àwọn orin tó tà jù ní Jámánì. Àwọn tí à ń pè ní aláìgbọràn náà nìyẹn o. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni Future Days dé, tí ìlù rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, tí orin "Bel Air" gba odindi ojú àwo kejì. Suzuki fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwo wọn, àmọ́ ohunkóhun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ á dà bí ìpolówó ọjà.

Neu! lọ jìnnà ju Can lọ lórí ọ̀rọ̀ ìlù yìí. Méjì péré ni wọ́n: Klaus Dinger tó ń lùlù àti Michael Rother tó ń ta gìtá, tí wọ́n jọ kúrò nínú ẹgbẹ́ Kraftwerk ní 1971. Conny Plank ló bá wọn gba ohùn àwo àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Hamburg láàárín òru mélòó kan ní ìparí ọdún náà, ó jáde ní 1972. Orin tó ṣí i, "Hallogallo", gba ìṣẹ́jú 10. Ìlù Dinger kò ní igun. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ ṣáá, mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin, kò síbi tó ti mí, kò síbi tó ti sọ pé ó tó. Gìtá Rother ń rá bàbà lórí rẹ̀, òmíràn sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n yí téèpù rẹ̀ sẹ́yìn kó tó dún. Àwọn akọ̀ròyìn sọ ìlù náà ní motorik. Dinger kò fẹ́ orúkọ yẹn, ó jọ ti ẹ̀rọ jù. Lójú tirẹ̀, ìlù ènìyàn tó ń gbé ayé, tó gbọ́dọ̀ máa lọ, ni.

Brian Eno, olórin ọmọ Ìlú Ọba, ni wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ìlù ńlá mẹ́ta ló wà láàárín àwọn ọdún 1970: afrobeat ti Fela Kuti, funk ti James Brown, àti ìlù Klaus Dinger. Orí mi wú nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí tiwa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ Tony Allen, onílù Fela, àti Dinger tẹ̀ léra. Lọ́dún 1972 tí Neu! dé yẹn, orin Fela kan ń gba odindi ojú àwo kan ní Èkó. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì Allen ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀: ọ̀kan ń bi, ọ̀kan ń fèsì, ọ̀kan ń yọ ṣùtì, ọ̀kan ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Àwùjọ ló wà nínú ìlù yẹn. Nínú ti Dinger, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lọ. Méjèèjì gùn, méjèèjì ń yípo, ẹsẹ̀ ò sì lè dúró fún ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n bí ti Allen bá tán, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti ibi ìpàdé kan dé. Ti Dinger, bíi pé mo sá kúrò níbì kan, wọn ò sì lé mi bá. Fela àti Allen lọ ṣeré ní Berlin ní 1978, ẹ̀yìn ìrìn-àjò yẹn ni Allen kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Neu! ti tú ká kí wọ́n tó dé.

Owó tán lọ́wọ́ Dinger àti Rother nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo kejì ní 1973. Wọ́n mú àwo kékeré kan tí wọ́n ti gbé jáde ṣáájú, wọ́n yí i níyàra ìyípo 16 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n yí i níyàra 78, wọ́n fi kún ojú kejì. Àwọn èèyàn pariwo pé jìbìtì ni. Lónìí, wọ́n ń pè é ní aṣíwájú remix. Bí ẹ bá bi mí, jìbìtì náà ni, àmọ́ ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Faust ni kí n yára sọ. Polydor, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde, fẹ́ Beatles ti Jámánì. Akọ̀ròyìn kan, Uwe Nettelbeck, kó Faust wá fún wọn. Wọ́n fi owó Polydor sọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ní Wümme di sítúdíò, wọ́n ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì gbé àwo kan jáde ní 1971 tó mọ́ gaara tí ènìyàn lè rí òdìkejì rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán egungun ìkúùkù lára àpò rẹ̀. Àwọn Beatles wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí ariwo tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní 1973 ilé iṣẹ́ Virgin ta àwo The Faust Tapes ní pẹ́ńsì 49, iye tí wọ́n ń ta àwo kékeré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Mo máa ń fojú inú wo àwọn tó gbé e délé.

Ní Berlin, wọ́n tilẹ̀ yọ ìlù kúrò. Zeit tí Tangerine Dream gbé jáde ní 1972 jẹ́ àwo méjì, orin mẹ́rin, ojú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìlù níbẹ̀, synthesizer (ẹ̀rọ tó ń fi iná dá ìró), dùrù àti sẹ́lò mẹ́rin ló ń fà lọ. Ó yẹ kí n fẹ́ràn rẹ̀ bí ohun tí mo ń sọ bọ̀ nípa ìlù tó yadi bá jẹ́ òótọ́. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìlù tó wà níbẹ̀ tó kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Pé ìlù kò sí, ọ̀tọ̀ ni. Phaedra ti 1974 sàn fún mi, nítorí wọ́n ti ní ẹ̀rọ Moog tó ń tún ìró kan náà ṣe fúnra rẹ̀, mo sì rí nǹkan dì mú. Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí mo wá fẹ́ràn Hosianna Mantra, ti Popol Vuh, 1972, tí ìlù kò sí nínú rẹ̀ náà. Florian Fricke tó ni ẹgbẹ́ yẹn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní Moog ńlá ní Jámánì, ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ó pa á tì, ó padà sí pianó, ó wá ọmọ Korea kan, Djong Yun, tí ohùn rẹ̀ ga tó sì mọ́. Ẹni tí wọ́n fi orin ìyìn tọ́ dàgbà kò lè gbọ́ àwo yẹn kó má tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Wọ́n máa ń sọ pé oògùn ló ṣe gbogbo rẹ̀. LSD wà níbẹ̀ o: ẹgbẹ́ Ash Ra Tempel bá Timothy Leary, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń polówó LSD kiri, ṣe àwo kan ní Switzerland ní 1972, wọ́n sọ ọ́ ní Seven Up nítorí inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò yẹn ni wọ́n ti po oògùn mu. Àwo náà kò dára. Bó bá jẹ́ orin tó ń yí ojú ènìyàn lẹ ń wá, Yeti ti Amon Düül II, 1970, ni kí ẹ gbà, pẹ̀lú fáólínì àti gìtá tó ń bá ara wọn jà, àti ohùn Renate Knaup láàárín wọn. Àmọ́ ẹni tí oògùn ń gùn kò lè dúró sójú kan bíi Liebezeit.

Ní 1977 ni Can fúnra wọn wá yà sọ́dọ̀ wa. Wọ́n gba Rosko Gee, ọmọ Jamaica, pé kó máa ta béèsì, àti Reebop Kwaku Baah, ọmọ Ghana tó ń lu kóńgà. Àwọn méjèèjì ti wà nínú ẹgbẹ́ Traffic ní Ìlú Ọba. Czukay gbé béèsì sílẹ̀, ó ń fi rédíò àti téèpù ṣeré. Saw Delight ni àwo tó tibẹ̀ jáde. Ó yẹ kó jẹ́ èyí tí etí mi máa yára gbà. Reebop mọṣẹ́, ìka rẹ̀ kì í tàsé. Ṣùgbọ́n ìlù di méjì nínú yàrá kan: ọ̀kan fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀, èkejì kò mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì. Orin náà dùn, ó ṣeé jó sí, n kì í sì í rántí rẹ̀ bó bá ti tán. Nígbà tí wọn kò wá wa, inú Ege Bamyasi, ni wọ́n sún mọ́ wa jù. Ní 1979, ẹgbẹ́ náà tú ká.

Liebezeit kò jáwọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó yọ pẹ́dáàlì kúrò nídìí ìlù rẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ lùlù mọ́, ọwọ́ méjì àti ọ̀pá nìkan, bí àwọn onílù tiwa. Òun àti Burnt Friedman, ọmọ Jámánì tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin, bẹ̀rẹ̀ àwọn àwo kan tí wọ́n pè ní Secret Rhythms ní 2002, níbi tí ìlù ti kúrò ní mẹ́rin-mẹ́rin, tó ń ka márùn-ún, tó ń ka méje, tí kò sì kọsẹ̀. Oṣù Kìíní 2017 ló kú. Ẹni tó bá ti gbọ́ Ege Bamyasi àti "Hallogallo" tí wọ́n sì wọ̀ ọ́ létí, ibẹ̀ ni mo máa ní kó kọjá sí. Saw Delight lè dúró.